Ṣé kí n kó owó ọjà mi sí dọ́là kí ìdìbò 2027 tó dé?

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè èyí, ẹ rọra ná. Ariwo ta ló máa wọlé kọ́ ló yẹ kí oníṣòwò máa gbọ́. Iye owó wo ni ìjọba ń dì mú kó má baà gbéra kí ìdìbò tó kọjá? Òun ló máa ń fò sókè lẹ́yìn ìbúra ààrẹ.

2023 ni kí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ. Nínú ìṣúná ọdún náà, ₦3.36 tírílíọ̀nù ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún owó ìrànwọ́ orí epo, oṣù mẹ́fà péré ló sì wà fún. Ẹni tó bá ka ìlà yẹn ti mọ ìgbà tí epo máa wọ́n. Wọ́n dìbò ní 25 oṣù Kejì. Ní 29 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ ìbúra gan-an, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ tán. Epo tí kò tó ₦200 di ₦617 l'Ábújá ní oṣù Keje. Wọ́n ń di náírà náà mú: dọ́là jẹ́ bíi ₦470 ní báńkì, ó sì lé ní ₦700 lọ́wọ́ àwọn abokí tó ń ṣẹ́ owó ní ìgboro. Àlàfo yẹn ni àmì. Ní 14 oṣù Kẹfà, CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, tú u sílẹ̀.

Lónìí, wọn ò dì í mú tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Tí àlàfo báńkì àti abokí bá tún ń fẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Iná mọ̀nàmọ́ná lèmi máa ń fojú sí jù: àwọn oní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí ogún ó kéré tán lójúmọ́ fún, ti ń san ju ₦200 lọ lórí yúnìtì kan láti oṣù Kẹrin 2024, àwọn yòókù ṣì wà lórí ìrànwọ́. Tó bá jẹ́ ẹja inú fíríìsà lẹ ń tà, ibẹ̀ ni ewu yín wà.

Ní ti dọ́là: bó bá jẹ́ pé dọ́là lẹ fi ń san owó ọjà, ẹ ra ìwọ̀nba tí ẹ máa san, díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ gàrí àti èlùbọ́ ni, ọjà inú ilé ìkẹ́rù sàn ju dọ́là lọ. Ìbẹ̀rù ló ń pani: nígbà tí CBN kéde owó tuntun ní 26 oṣù Kẹwàá 2022, dọ́là sáré kọjá ₦850 lọ́wọ́ abokí, kò sì pẹ́ tó fi já wálẹ̀. Àwọn tó sáré rà á lókè náà ló sáré tà á nísàlẹ̀.

Owó náírà tún ńkọ́? Ní oṣù Kejì 2023, nígbà tí owó tuntun náà kò kárí, owó wà ní báńkì, kò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan. Oní-POS ń gba ₦2,000 lórí ₦10,000, owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ ń há sójú ọ̀nà. Nítorí náà, ẹ ní àkáǹtì ní báńkì méjì ó kéré tán, kí ẹ sì ní owó ọwọ́ tó máa gbé ọjà ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má tajà àwìn tí owó rẹ̀ máa kọjá ọjọ́ ìbúra, àfi tí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé iye tí ọjà náà bá jẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ sanwó ni wọ́n máa san.

Ìwé ẹ̀yáwó yín náà, ẹ tún un kà. Ọ̀pọ̀ ló ní ìlà kan tó fún báńkì láyè láti yí èlé padà nígbàkígbà. Èlé CBN kúrò ní 11.5% ní oṣù Karùn-ún 2022, ó di 18.75% ní oṣù Keje 2023, báńkì sì gbé e lé oníbàárà lórí.