Bébà Wo Ni Kí N Fi Ṣe Káàdì Tí Mo Ń Fọwọ́ Kùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ wọ́tàkọ́lọ̀, ìyẹn àwọ̀ tí wọ́n ń fi omi pò, ni, mo sì fẹ́ máa fi ṣe káàdì ọjọ́ìbí. Kádíbọ́ọ̀dù funfun tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì ni mò ń lò, àmọ́ ṣe ló ń kákò, ojú rẹ̀ sì ń bó. Ẹnì kan ní àfi kí n ra bébà tí wọ́n fi òwú ṣe, owó rẹ̀ sì ga jù mí lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, má tíì ra ti òwú. Kádíbọ́ọ̀dù yẹn ò burú, wọn ò kàn ṣe é fún omi ni. Bébà wọ́tàkọ́lọ̀ ní sítáàṣì tàbí gẹlatíìnì lára, ó fẹ́ jọ iṣẹ́ tí ẹ̀kọ láfún ń ṣe lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ, àmọ́ kì í dí àwọ̀ pátápátá: kì í kàn jẹ́ kó rì wọlé lójú ẹsẹ̀ ni. Wàá ráyè fi búrọ́ọ̀ṣì tì í síbí, tì í sọ́hùn-ún. Kán omi díẹ̀ sí igun bébà kan wò, bí ọlọ́jà bá gbà fún ẹ. Bó bá mu ún kíá, fi sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wo nọ́ńbà tó ṣáájú gsm (iye gíráàmù tí bébà náà wọ̀n ní mítà onígun mẹ́rin kan) lára èèpo rẹ̀. Bébà fọ́tòkọ́pì sábà máa ń jẹ́ 80. Ìwọ, 300 ni kí o rà. Kì í fi bẹ́ẹ̀ kákò, ó sì nípọn tó láti dá dúró bí káàdì. Mú èyí tí wọ́n kọ cold press sí, tí ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun díẹ̀. Hot press ń dán, ó dáa fún kíkọ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo àbàwọ́n omi ló máa ń hàn lójú rẹ̀.

Bébà Canson XL tí wọ́n kọ watercolor sí ni mo sábà máa ń ní kí àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ rà. Igi ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe òwú bíi ti bébà Arches. Kì í fẹ́ kí èèyàn máa fi búrọ́ọ̀ṣì ha òun lójú léraléra, ó sì tètè ń gbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́. Àwòrán tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ò ní jẹ́ kí ìyẹn dà ẹ́ láàmú.

Má sì sọ kádíbọ́ọ̀dù rẹ nù o! Gé bébà wọ́tàkọ́lọ̀ A4 kan sí mẹ́rin, fi téèpù lẹ etí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ pátákó, kùn ún, jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí o tó ṣí i. Èyí tó dáa nínú wọn ni wàá lẹ̀ mọ́ iwájú káàdì tí o fi kádíbọ́ọ̀dù ṣe. Èyí tó bàjẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wúlò fún dídán àwọ̀ wò. Kí o tó ká kádíbọ́ọ̀dù náà, fi rúlà àti báírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán fa ìlà sí i, kó má baà sán. Téèpù olójú méjì ni kí o fi lẹ àwòrán náà. Gọ́ọ̀mù olómi á tún mú un kákò.