Èsì: Ṣé oúnjẹ Salvador á bá ọmọ mi lára mu?

Ẹ kú ìbéèrè o, mà. Ẹ ní ọmọ yín fẹ́ bá ilé-ìwé rẹ̀ lọ sí Salvador ní Bràsíl, àyà yín ń já nítorí oúnjẹ. Ọmọ ọdún 16 ni mí nígbà tí èmi náà lọ. Oúnjẹ kọ́ ni ìṣòro rárá! Àkàrà wà létí títì, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in. Ìyá alákàrà nínú aṣọ funfun balau á là á sí méjì, á ki edé gbígbẹ bọ inú rẹ̀, á wá bi yín bóyá ẹ fẹ́ ata. (Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo jẹ yó.) Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀pọ̀ ará ìlú ló ń wọ funfun nítorí Òrìṣàńlá. Èdè Potogí ló máa yọ ọ́ lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé tí mo dé sí. Kó yáa ti máa kọ́ ọ báyìí.