Kiníìnì tí kò tàn nínú HCl: géètì yín kò bàjẹ́

Ẹ kú iṣẹ́. Ohun tí ẹ sọ ni pé ẹ po kiníìnì (oògùn ibà tó máa ń tàn bùlúù nínú ásíìdì) mọ́ HCl (hydrochloric acid) 0.1 M, ẹ tan iná UV sí i, kò mọ́lẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Ẹ wá bu iyọ̀ sí i kó lè jẹ́ input kejì (ohun tí à ń fi sí i) fún géètì AND, ìyẹn ètò tó ń fúnni ní 1 (ó tàn) kìkì bí input méjèèjì bá jẹ́ 1 (wọ́n wà níbẹ̀), ló bá kúkú ṣókùnkùn sí i. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́. HCl yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ rò pé H⁺ (ohun tó ń sọ omi di ásíìdì) nìkan lẹ fún un, kúlóráìdì, tó wà nínú iyọ̀ náà, sì wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Input méjèèjì ti wà ní 1 kí ẹ tó fọwọ́ kan iyọ̀ rárá.

AND kọ́ ni kiníìnì ń ṣe láàárín àwọn méjì yìí, INHIBIT ni: ọ̀kan ń tan iná, èkejì ń pa á. Ásíìdì nìkan, 1. Kúlóráìdì nìkan, 0. Méjèèjì pọ̀, 0. Kò sí ìkankan, 0.

Ibi méjì ni kiníìnì ti lè gba H⁺. Ibi àkọ́kọ́ ti gbà á tán kí pH (bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó) tó sọ̀ kalẹ̀ dé 7. Ibi kejì kì í gbà á àfi tí pH bá lọ sí nǹkan bí 4 sísàlẹ̀. Ìgbà tí méjèèjì bá gbà á ni ó ń fa ìmọ́lẹ̀ mu ní nǹkan bí 350 nm (nanometer, gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀), tó sì ń tú bùlúù jáde ní nǹkan bí 450 nm. Kúlóráìdì kì í so mọ́ ọn. Ṣe ló ń kọ lù ú láàárín nǹkan bí 20 nanosecond tí agbára ìmọ́lẹ̀ fi wà lára rẹ̀, agbára náà á sì ṣòfò kó tó di iná. Ìdí nìyẹn tí absorbance (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí omi náà ń fà mu) kò fi gbọ́dọ̀ yí padà bí ẹ bá fi iyọ̀ sí i. Bó bá yí padà, ẹ wo bí ẹ ṣe wọn omi yín.

Ẹ tún un ṣe báyìí. Ẹ wọn 39 mg quinine sulfate dihydrate fún 100 mL distilled water. 1 mM kiníìnì nìyẹn. Ó máa ń lọ́ra láti yòrò, nítorí náà ẹ mú omi náà lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tó kún un dé ìlà. Ẹ má fi ásíìdì ràn án lọ́wọ́ o, torí inú ìgò yìí kan náà lẹ ti máa bu ti tube tí ásíìdì rẹ̀ jẹ́ 0. Ẹ ṣe sulphuric acid 0.5 M (ásíìdì ni kí ẹ máa da sínú omi, ẹ má da omi sínú ásíìdì láé) àti NaCl 1 M, ìyẹn 5.84 g nínú 100 mL. Test tube mẹ́rin, ọ̀kan fún àkópọ̀ kọ̀ọ̀kan tó wà lókè: 100 µL kiníìnì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 1 mL input tó bá wà ní 1, kí ẹ fi omi kún un dé 10 mL. Ẹ fi ẹ̀karùn-ún kún un: ásíìdì pẹ̀lú 1 mL Na₂SO₄ (sodium sulphate) 0.5 M dípò iyọ̀. Iye sodium kan náà ló wà nínú rẹ̀. Bó bá ń tàn bíi ti ásíìdì nìkan, ẹ ti mọ̀ pé kì í ṣe sodium ló ń pa iná.

Ẹ má ṣe é kó ki jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbé ìgò 1 mM kí ásíìdì wà nínú rẹ̀, ẹ máa rí bùlúù tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó kọjú sí iná, inú ìgò á wá dúdú. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ti gba gbogbo ìmọ́lẹ̀ tán. Ohun tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì John Herschel rí ní 1845 nìyẹn, kí ẹlòmíì, George Stokes, tó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1852.

Iná ńkọ́? 365 nm ni kó jẹ́. Tọ́ọ̀ṣì 395 nm tí wọ́n fi ń yẹ owó wò kò dára tó: kiníìnì kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, àwọ̀ àlùkò rẹ̀ á sì bo bùlúù mọ́lẹ̀. Ẹ fi aṣọ dúdú sẹ́yìn, torí bébà funfun ń tàn. Ọṣẹ ìfọṣọ náà ń tàn, ìyẹn ló sì ń fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní 1 ẹ̀tàn. Ẹ ṣan àwọn tube náà dáadáa. Bó bá jẹ́ fóònù lẹ fi ń yàwòrán, ẹ to márààrún pọ̀ sínú fọ́tò kan, torí kámẹ́rà á máa mú èyí tó ṣókùnkùn mọ́lẹ̀ bí ẹ bá yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tube tí kò ní nǹkan kan kì í ṣókùnkùn pátápátá. Kiníìnì tó gba H⁺ kan ṣoṣo náà ń tàn díẹ̀, àmọ́ ó sún mọ́ 380 nm. Ẹ pinnu ààlà kí ẹ tó wọn ohunkóhun: ásíìdì nìkan jẹ́ 100, ohun tí kò bá tó 30 jẹ́ 0. Pẹ̀lú kúlóráìdì 0.1 M, ó yẹ kó já sí nǹkan bíi 10. Bí ẹ bá rí 60, iyọ̀ kò tó tàbí ẹ kò rò ó pọ̀.

Omi tonic, ẹlẹ́rìndòdò tó ní kiníìnì ńkọ́? Ásíìdì ti wà nínú rẹ̀, nítorí náà NOT (géètì tó ń sọ 1 di 0, tó ń sọ 0 di 1) nìkan ló lè fi hàn yín.

Bó bá jẹ́ AND gan-an lẹ ń wá, ti onímọ̀ kẹ́mísírì A. P. de Silva àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature 1993 ni. Apá mẹ́ta ni molecule wọn ní: anthracene ló ń tàn, amine (apá tó ní nitrogen) ń gba H⁺, crown ether (apá tó rí bí òrùka) ń gba Na⁺. Ibi méjèèjì ló ń ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sí anthracene tí iná fi ń kú, àfi tí àlejò (H⁺ àti Na⁺) bá jókòó síbi méjèèjì. Ẹ máa nílò ẹni tó mọ synthesis, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú molecule bẹ́ẹ̀.

Ní ti dídá input kiníìnì yín padà sí 0: 1 mL NaOH (sodium hydroxide) 1 M máa pa ásíìdì yẹn, ṣùgbọ́n iyọ̀ àti omi á máa pọ̀ sí i ní gbogbo ìgbà. Ti kúlóráìdì ló burú jù. Silver nitrate lè yọ ọ́, àmọ́ omi á funfun bí ògì, ẹ̀rọ yín á sì ka ìmọ́lẹ̀ tó ń ta káàkiri inú rẹ̀ sí 1. Tube tuntun ni kí ẹ máa lò fún àkópọ̀ input kọ̀ọ̀kan.