Bàbá ní àwọn fẹ́ padà sílé: báwo la ṣe máa gbé wọn kúrò lọ́sibítù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Jẹjẹrẹ próstéètì bàbá wa ti wọnú eegun. Wọ́n wà lọ́sibítù n'Íbàdàn, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ kí ọlọ́jọ́ dé bá àwọn níbẹ̀. Ìsẹ́yìn ni wọ́n fẹ́ lọ. Kí la máa ṣe?

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe. Ojú ọ̀nà kọ́ ló sábà máa ń ba irú ìrìn yìí jẹ́. Òru àkọ́kọ́ nílé ni, tí ìrora dé tí oògùn ò sí nílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má kánjú fọwọ́ sí ìwé pé ẹ mú aláìsàn lọ lòdì sí ìmọ̀ràn dókítà. Ẹbí tó bá fọwọ́ sí i sábà máa ń jáde láìgba lẹ́tà, láìgba oògùn. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí wọ́n tú bàbá sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Bó bá jẹ́ UCH, ọsibítù ńlá Yunifásítì n'Íbàdàn ni, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú irú aláìsàn báyìí. Ẹ béèrè wọn.

Kí lẹ́tà náà sọ orúkọ àìsàn, ibi tó dé, oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kan ní Ìsẹ́yìn ní ẹ̀dà kan kí ẹ tó gbéra. Ẹ fi ojúlówó pamọ́: bí bàbá bá papòdà nílé, mọ́ṣúárì lè béèrè ohun tó pa wọ́n.

Mọ́fíìnì olómi, ìyẹn oògùn ìrora tó lágbára, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń mu ún. Ìgò méjì lè má lágbára bákan náà, nítorí náà kí wọ́n kọ ìwọ̀n mílígíráàmù tó wà nínú mílílítà kan sára rẹ̀. Síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí ọbẹ̀. Mọ́fíìnì máa ń mú kí ìgbẹ́ há, ẹ gba oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ mọ́ ọn. Kí ẹ sì béèrè: bí bàbá ò bá lè gbé nǹkan mì mọ́, ta ló máa gún wọn lábẹ́rẹ́? Bí ẹ ò bá rí ìdáhùn, ẹ má tíì gbéra.

Lọ́jọ́ ìrìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n mu oògùn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 kí ẹ tó gbé wọn. Ẹ má fà wọ́n lápá tàbí lábíyá. Eegun tí jẹjẹrẹ ti jẹ lè dá. Ẹ tẹ́ aṣọ tó nípọn sábẹ́ wọn láti èjìká dé orúnkún, kí ènìyàn mẹ́rin ká etí rẹ̀ mọ́ wọn lára, kí ẹnì kan ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ gbé e lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí wọ́n bá fi rọ́bà ìtọ̀ sí wọn lára, ẹ da ìtọ̀ inú àpò rẹ̀ nù kí ẹ tó lọ, kí àpò sì wà nísàlẹ̀ ju ikùn lọ. Tí ẹ bá ti tẹ́ wọn sínú ọkọ̀, ẹ wo rọ́bà náà: ṣé itan ò tẹ̀ ẹ́, ṣé kò ká? Ìtọ̀ tó há máa ń mú aláìsàn jà, á máa ta aṣọ nù, àwọn èèyàn á sì rò pé ikú ló dé.

Bí wọ́n bá ń lo ọ́síjìn, ẹ ṣírò rẹ̀: sílíńdà lítà 680, ní lítà 2 níṣẹ́jú kan, á tó ìṣẹ́jú 340. Ẹ gbé ìlọ́po méjì ohun tí ìrìn náà máa gbà, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Nílé, ẹ má fipá fún wọn lóúnjẹ, ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ máa fi òwú tútù pa ètè wọn. Bí ọ̀fun bá ń dún kùrùkùrù lópin, ẹ dà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìró náà sábà máa ń ba àwa tó ń gbọ́ ọ lẹ́rù ju aláìsàn fúnra rẹ̀ lọ. Dókítà Ìsẹ́yìn yẹn ni kí ẹ pè.