Ẹni tí báǹkì rán wá wo ilé, kì í ṣe ẹ̀yin ló bá wò ó

Ẹ kú iṣẹ́ Àǹtí wa. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ ta ilé kékeré tá à ń gbé ká lè kó lọ sí èyí tó tóbi díẹ̀, àwọn ọmọ ti ń dàgbà. A ṣì jẹ báǹkì lówó lórí eléyìí o, ó ku ọdún 11 ká san án tán. A ti rí ilé tó wù wá. Báǹkì ní àwọn máa rán ẹnì kan lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó yá wa lówó, ọkọ mi wá ní ìyẹn náà ti tó, pé kí la tún fẹ́ máa sanwó sọ́féyọ̀ sí, ṣebí ilẹ̀ ní ìwé. Ẹ̀rù ṣáà ń bà mí. Ẹjọ́ ta ló tọ́, ibo la sì ti máa bẹ̀rẹ̀ gan-an?
Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ẹ̀rù tó ń bà yín yẹn, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá yín lé e lọ títí ẹ máa fi rí ẹni tó mọṣẹ́ tó máa bá ẹ̀yin fúnra yín yẹ ilé yẹn wò.

Ẹni tí báǹkì máa rán, iṣẹ́ báǹkì ló wá ṣe. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀: táwọn èèyàn yìí ò bá rówó san mọ́, tá a bá gba ilé yìí tá a tà á, ṣé owó wa á jáde? Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà míì kò tiẹ̀ ní wọlé rárá, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n á ti wo iye tí wọ́n ta àwọn ilé tó wà nítòsí. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa sanwó ẹ̀ o, síbẹ̀ báǹkì ló ni ìwé tó bá kọ, wọ́n lè má fi hàn yín.

Ohun tó ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ wa lójú ni ọ̀rọ̀ sọ́féyọ̀ yìí fúnra ẹ̀, torí tá a bá ti gbọ́ ọ, ẹni tó ń wọn ilẹ̀ ló ń wá sí wa lọ́kàn. Ìyẹn wúlò, òun lẹ máa fi mọ̀ bóyá fẹ́ǹsì tí wọ́n fi hàn yín bá ìwé mu àbí ó ti wọ ilẹ̀ aládùúgbò. Àmọ́ èyí tí mò ń sọ, ara ilé ló ń wò, á gun òkè àjà lọ wo igi òrùlé bóyá ikán ti wọ̀ ọ́, á wo páìpù, á wo wáyà iná, á gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin sára ògiri.

Ìdí tọ́rọ̀ yìí fi ká mi lára ni pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ilé tá a kọ́kọ́ rà, báǹkì yá wa lówó lé e lórí, a wá rò pé ó dáa nìyẹn, a ò pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni, ó ń dán. Kò pé oṣù 4 tí ọ̀dà yàrá ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, àṣé páìpù kan ti ń jò lábẹ́ ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, gbogbo pákó tá à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ti jẹrà. Owó iléèwé àwọn ọmọ la fi tún un ṣe. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì fẹ́ kó ṣe yín.

Tẹ́ ẹ bá padà lọ wo ilé náà, ẹ wo ògiri dáadáa. Èyí tó sán tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, tí kò tó mílímítà 1, kì í sábà ní wàhálà. Èyí tó ń gun bíríkì bí àtẹ̀gùn, tó fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, tàbí tó ti ju mílímítà 5 lọ, ẹ fi han ẹni tó mọ̀ nípa ìpìlẹ̀ ilé kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ owó rárá. Tí àbọ̀ àyẹ̀wò bá sì dé, ẹ fi dúnàá dúrà, kí olówó ilé tún un ṣe tàbí kó yọ owó ẹ̀ kúrò, tí kò bá gbà ẹ máa lọ. Kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé ni gbogbo ẹ̀ o, tẹ́ ẹ bá ti buwọ́ lù ú tán, tiyín ni páìpù tó ń jò.

Ti ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ báǹkì ni. Kí wọ́n kọ iye tí wọ́n lè yá yín sílẹ̀, ó sábà máa ń lò tó bí oṣù 3 kó tó di ìwé lásán. Kì í ṣe ìlérí o, wọ́n á tún yín yẹ̀ wò kówó tó jáde, torí náà ẹ má lọ ra mọ́tò láwìn láàárín ìgbà yẹn. Kẹ́ ẹ sì bi wọ́n nípa gbèsè àtijọ́: ṣé a lè gbé e lọ sórí ilé tuntun pẹ̀lú èlé tá a ti ń san, tá a bá sì san án tán ṣáájú àsìkò, èló ni ìtanràn ẹ̀? Ọ̀pọ̀ kì í bèèrè èkejì yìí. Tó bá jẹ́ ìdá 3 nínú 100, tẹ́ ẹ ṣì jẹ 60,000, 1,800 ti lọ nìyẹn. Nígbà míì kẹ́ ẹ kàn dúró oṣù mélòó kan ni, ìtanràn á ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn: ká ní olówó ilé sọ pé 100 lòun máa tà á, tí báǹkì sì ní ìdá 80 nínú 100 iye ilé làwọn máa yá yín. Tí ẹni tí wọ́n rán bá ní ilé ò ju 90 lọ, orí 90 yẹn ni wọ́n máa ti ṣírò ìdá 80 nínú 100 tí wọ́n máa yá yín, ìyẹn 72. Á wá ku 28 tẹ́ ẹ máa fọwọ́ ara yín wá, dípò 20. Kí lọ́yà sì bá yín ṣe é kí títà àti rírà bọ́ sọ́jọ́ kan náà, kẹ́ ẹ má baà máa san gbèsè ilé méjì pọ̀.

Ẹ káàsán mà. Mo fẹ́ yáwó ra ilé, báǹkì ní kí n mú ọdún 15, 25 tàbí 30 láti fi san án. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n mú 30 torí owó tí màá máa san lóṣooṣù ló kéré jù.
Ọmọ yín, Ṣẹ́gun

Ṣẹ́gun, ó kéré lóòótọ́, àmọ́ wo àròpọ̀ ẹ̀. Tí èlé bá jẹ́ ìdá 6 nínú 100 lọ́dún tí kò sì yí padà, gbogbo 100 tó o bá yá, wàá san nǹkan bí 152 padà lọ́dún 15, 193 lọ́dún 25, 216 lọ́dún 30. Lọ́dún 25 yẹn, owó tó o máa san lóṣù àkọ́kọ́, ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ tó jẹ́ èlé. Tí 15 bá máa fún ọ lọ́rùn, mú 25, kó o wá rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé o lè máa san ju iye tí wọ́n dá fún ọ lóṣooṣù lọ láìsí ìtanràn.