Oògùn ọmọ mi ń rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò: ṣé ayédèrú ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin apòògùn wa. Wọ́n kọ amoxicillin olómi fún ọmọ mi. Bí mo bá gbé ìgò rẹ̀ kalẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun á wà nísàlẹ̀, omi á sì tòrò lókè. Oògùn ikọ́ rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ayédèrú ni? Ǹjẹ́ mo lè fi omi gbígbóná kún un kí ó lè yòrò tán?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Rírọ̀ tó ń rọ̀ sísàlẹ̀ kò sọ ọ́ di ayédèrú. Bí àwọn tó ṣe é ti fẹ́ kó rí nìyẹn. Irú àdàlù tó wà nínú ìgò méjèèjì ló yàtọ̀.

Ṣúgà ló pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ oògùn ikọ́ olómi, ṣúgà tó sì tó bíi 200 gíráàmù lè yòrò tán sínú omi 100 mílílítà láìgbé e kaná. Ohun tó bá yòrò báyìí ti fọ́ kúnná ju ohun tí ojú lè rí lọ. Asẹ́ kò lè yọ ọ́, kò sì ní rọ̀ sísàlẹ̀ bó ti wù kó pẹ́ tó lórí tábìlì.

Ti amoxicillin kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bíi 4 mílígíráàmù péré ló lè yòrò sínú mílílítà omi kan, bẹ́ẹ̀ ìgò tí wọ́n kọ 125 mílígíráàmù nínú mílílítà 5 sí lára ní 25 nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó pọ̀ jù kàn dà pọ̀ mọ́ omi ni, kò yòrò, nítorí náà ó ń rọ̀ sísàlẹ̀ bí ògì ṣe ń ṣe nígbà tí omidùn bá tòrò sókè. Èmi kò ka èyí sí àbùkù rárá: amoxicillin tó ti yòrò ni omi tètè ń bà jẹ́, èyí tó ṣì wà ní wóró ń pẹ́ díẹ̀ sí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tà á ní gbígbẹ, tí a sì ń da á nù bí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò bá ti pé.

Òótọ́ ni pé ooru ń mú kí ọ̀pọ̀ nǹkan yòrò sí i, ṣùgbọ́n ooru kan náà ń ba oògùn yìí jẹ́. Omi sísè tó ti tutù ni kí ẹ fi pò ó, kó dé ojú àmì, kí ẹ má sì bu omi míì kún un lẹ́yìn náà, torí ìwọ̀n tí dókítà kọ yóò dàrú.

Àìmì ìgò ni ewu tó wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá mì í, omi lásán ló máa pọ̀ jù nínú èyí tí ọmọ kọ́kọ́ mu, tí kòkòrò àìsàn kò sì ní kú. Nígbà tí ìgò bá fẹ́ẹ̀ tán, oògùn á wá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ mì í dáadáa, ẹ wo ìdí ìgò bóyá nǹkan ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ti dì gbagidi tí mímì kò tú u, ẹ dá a padà. (Òróró ẹ̀dọ̀ ẹja tó funfun bíi wàrà náà ń fẹ́ mímì, torí òróró kì í yòrò sínú omi, wọ́n kàn fọ́ ọ sí ẹ̀kán kéékèèké ni.)

Bí ẹ bá ti ń fún ọmọ láìmì í, ẹ sọ fún dókítà tàbí apòògùn tó tà á fún yín, kí ẹ má fi ọwọ́ ara yín ṣe àfikún.