Ibi tí ó yẹ kí àkókò yín wà nígbà tí ẹ bá ń gbá sínúkà (snooker)

Ọ̀gá tó béèrè ìdí tí bọ́ọ̀lù dúdú tó wà nítòsí ihò fi ń ya fún un, nígbà tó sì ń gbá èyí tó jìnnà wọlé, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní kí ẹ máa rọra gbá, ẹ rọra, ẹ ní ó tún burú sí i. Kò lè ṣe kó má burú, nítorí àkókò tí ẹ fi kún un, ìgbà tí ọ̀pá ń lọ lẹ fi í sí, nígbà tó jẹ́ pé orí dídá ọ̀pá dúró kí ẹ tó gbá a ló yẹ kó wà.

Kí ẹ tó tẹ̀ mọ́ ọ̀pá, ẹ dúró ní ìṣísẹ̀ méjì sẹ́yìn bọ́ọ̀lù funfun, lórí ìlà tí ẹ fẹ́ kó gbà gan-an. Ibẹ̀ lẹ ti máa pinnu gbogbo rẹ̀: ibi tí funfun máa kàn lára bọ́ọ̀lù kejì, ibi tí ẹ fẹ́ kó dúró sí lẹ́yìn náà, bí agbára ṣe máa tó, àti bóyá òkè, àárín tàbí ìsàlẹ̀ ni orí ọ̀pá máa bà. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sí orí ọ̀pá níbẹ̀ náà. Bó gba ìṣẹ́jú àáyá 5, ó dáa. Bó gba 20, kò sí wàhálà. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn wọ inú ìlà yẹn tààrà. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń gbá, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kó balẹ̀ lórí ìlà kí ara tó tẹ̀. Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé yóò máa tún ara ṣe nígbà tó ti tẹ̀ mọ́ ọ̀pá, ọwọ́ rẹ̀ ò sì ní balẹ̀ mọ́.

Gbàrà tí àgbọ̀n bá ti kan ọ̀pá, ohun kan náà ni kí ẹ máa ṣe, yálà bọ́ọ̀lù wà lẹ́nu ihò tàbí ó wà ní ìkángun tábìlì. Ẹ jẹ́ kí orí ọ̀pá sún mọ́ funfun tó sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2, kí ẹ wá fi ọ̀pá lọ, kí ẹ fi bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ mú iye kan, kí ẹ má sì yí i padà mọ́. Tó bá jẹ́ tèmi, mẹ́ta tó. Ẹni tó bá ń ṣe mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ò tíì pinnu ni, ojú rẹ̀ á sì ti rẹ̀ kó tó gbá a. Ní gbogbo àsìkò yìí, ojú ń lọ láti ara funfun sí bọ́ọ̀lù kejì, ó sì ń padà.

Lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, ẹ dá ọ̀pá dúró pátápátá níwájú funfun, bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdúró iwájú yìí nìkan ni mo kà sí dandan. Ẹ wò ó: ṣé ibi tí ẹ pinnu ni orí ọ̀pá dojú kọ? Tí kì í bá ṣe ibẹ̀, ẹ dìde. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ tì í sí ibi tó yẹ, torí ìgbọ̀nwọ́ yóò ti kúrò lórí ìlà. Tó bá pé, kí ojú bọ́ sórí bọ́ọ̀lù kejì, kó má sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

Fífa ọ̀pá sẹ́yìn ló wá kù, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe ti ń wá. Ẹni tó ń gúnyán kì í já ọmọ odó sókè. Ó ń gbé e ni, ìgbà tó bá ń bọ̀ nílẹ̀ ni agbára ń wọ inú rẹ̀. Tí ẹ bá fa ọ̀pá sẹ́yìn pẹ̀lú ìwàǹwára, àfi kí ìka di í mú pinpin kó tó lè dúró. Bí ìka bá ti di í mú báyìí, ọrùn ọwọ́ á yí, ìdí ọ̀pá á ya, orí rẹ̀ á sì ba funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní nǹkan bíi mìlímítà méjì. Lórí tábìlì ẹsẹ̀ bàtà 12, ìyẹn tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ni kó máa gbé ọ̀pá. Kí àwọn ìka yòókù ṣí díẹ̀ bí ọ̀pá ṣe ń lọ sẹ́yìn, kí wọ́n sì pa dé bó ṣe ń bọ̀.

Gígùn rẹ̀ ni kó máa yí padà, kì í ṣe ìlọ́ra rẹ̀. Gbígbá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ò ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ. Èyí tó lágbára lè tó 25. Ẹni tó fà á gùn fún bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ yóò dín agbára kù lójú ọ̀nà, ọ̀pá á sì gbọ̀n. Ní ti dídúró díẹ̀ lẹ́yìn kí ọ̀pá tó bọ̀, àwọn kan ní i, àwọn kan ò ní. Tí kò bá wá fúnra rẹ̀, ẹ má fipá mú un. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbá a, kí ọ̀pá kọjá ibi tí funfun wà tẹ́lẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 ó kéré tán, kí orí yín má sì gbéra títí bọ́ọ̀lù á fi wọlé.

Ọ̀rọ̀ dúdú yín nìyẹn. Torí pé ó rọrùn lójú, ẹ ń fo ìdúró iwájú, ojú yín sì ti lọ síbi tí funfun máa dúró sí kí ẹ tó gbá a. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí tábìlì kékeré ilé ọtí máa ń ní ìwà mìíràn kún un: fífi ọ̀pá gún bọ́ọ̀lù lójijì. Níbẹ̀, ọ̀nà ò jìn, èèyàn sì lè mú un jẹ. Orí tábìlì ńlá ò gbà á.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ìyára dẹ́rù bà yín. Ní ọdún 1997, ní gbọ̀ngàn Crucible ní Sheffield, nílẹ̀ England, gbajúgbajà agbá-sínúkà Ronnie O'Sullivan gbá 147, ìyẹn gbogbo bọ́ọ̀lù orí tábìlì láìṣì í, láàárín ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú àáyá 8. Bọ́ọ̀lù 36 ló wà nínú rẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú àáyá 9 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìrìn sì wà níbẹ̀. Ẹ wo fídíò yẹn dáadáa: ẹsẹ̀ àti ìpinnu rẹ̀ ló yá. Ní gbọ̀ngàn yẹn kan náà ní 2005, Peter Ebdon, tó ń bá Ronnie gbá, lo ju ìṣẹ́jú 5 lọ láti kó máàkì 12 péré, Ebdon ló sì borí ní 13-11. Ara Ronnie ò balẹ̀ lórí àga. Nínú ìdíje Snooker Shoot Out, ìṣẹ́jú àáyá 15 ni wọ́n ń fún èèyàn lórí bọ́ọ̀lù kan, ó ń di 10 nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 5. Ohun tí mo ṣàlàyé lókè, láti ìgbà tí àgbọ̀n kan ọ̀pá, ò ju 5 lọ. Ìrìn àti ìwòye ni kí ẹ dín kù níbẹ̀.

Àdánwò méjì. Ẹ gbé funfun sórí àmì búráùn (ibi tí wọ́n máa ń gbé bọ́ọ̀lù búráùn sí lórí tábìlì), kí ẹ gbá a kọjá lórí àmì búlúù, píǹkì àti dúdú, kó lọ kan etí tábìlì lókè, kó sì padà wá bá orí ọ̀pá yín. Tó bá ti yà kó tó dé àmì dúdú, ìlà yín ni kò tọ́. Tó bá lọ tààrà àmọ́ tó gba ọ̀tún padà, ẹ bà á lápá ọ̀tún. Ìwàǹwára ẹ̀yìn ló sábà ń fà á.

Èkejì: ẹ gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, kí ẹ ya fídíò bọ́ọ̀lù mẹ́wàá, márùn-ún tó rọrùn, márùn-ún tó le. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá láti ìgbà tí àgbọ̀n kan ọ̀pá títí dé ìgbà tí ẹ gbá a. Tí ìyàtọ̀ láàárín èyí tó rọrùn àti èyí tó le bá ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ẹ ti rí ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí tó bá sì kọjá 7, ó yẹ kí ẹ ti dìde níbẹ̀.